Ọ̀rọ̀ Ẹnu Orrin Stamper

Ìyà tó jẹ Wilmina Hoekzema, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á, kò sì fìgbà kan sọ pé ayé ló ṣe òun. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí ọkùnrin kan bá a sọ ní kọ̀rọ̀ ló kó lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó rò pé òun ń fi gba ọkọ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ràn èèyàn rí, tí ẹ sì tún ní bàbá tó le bí òkúta, ẹ má tíì bá a wí o, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Bàbá náà, Pásítọ̀ Gerrit Hoekzema, kì í ṣe èèyàn kékeré ní ìlú wọn lẹ́bàá Zeeland, ní Míṣígánì. Ọmọ àwọn ará Họ́láńdì ni gbogbo ìlú yẹn, àgbẹ̀ sẹ́lẹ́rì ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè, súìtì mínti á sì máa ti ọwọ́ dé ọwọ́ lórí ìjókòó bí ìwàásù bá ti gùn. Nígbà tí pásítọ̀ fẹ̀yìn tì, tí ìyàwó rẹ̀ sì ti kú, iṣẹ́ kan ló gbé lérí tí kò jẹ́ kó gbádùn mọ́: ó fẹ́ tún Bíbélì sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní Gẹ̀ẹ́sì òde òní, irú èyí tí èèyàn ń sọ nídìí sítóòfù. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ tó wà nínú Bíbélì àwọn baba wọn ti le jù, pé àwọn ọmọ kàn ń kà á bí ẹni ń gbé egbòogi mì ni.

Èrò rere ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn mọ́. Ogójì ọdún lórí pẹpẹ ti ba ẹnu rẹ̀ jẹ́. Bó bá fẹ́ iyọ̀ nídìí oúnjẹ, ohun tí á sọ ni pé, "Wilmina, ó tọ́, ó sì yẹ, kí ìgò iyọ̀ nì kí ó súnmọ́ ọ̀dọ̀ mi." Mina, bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè é, á sì tì í sí i. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà yẹn, òun ló ń dáná, òun náà ló ń tẹ ìwé bàbá rẹ̀ lórí ẹ̀rọ táípù, ó sì mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìwé náà ò dára. Ta ni á sọ ọ́ fún un?

Ní oṣù kìíní ọdún 1964, nígbà tí yìnyín ti bo ojú fèrèsé, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru kú. Wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn tó ń tún un ṣe, wọ́n sì rán Orrin Stamper wá. Ọmọ Kẹntọ́kì ni, láti ìdílé awakùsà, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ìwé mẹ́fà péré ló kà. Ó ń ti abẹ́ ilé bọ̀ pẹ̀lú èédú lójú nígbà tí pásítọ̀ ń rìn ká ilé ìdáná, tó ń ka ìtàn wòlíì Nátánì àti àgùntàn tálákà sókè. Ìgbà kẹsàn-án tó máa tún un kọ nìyẹn, ó ṣì ń dún bí ìwé ẹjọ́.

"Kò sẹ́ni tó gbá olówó yẹn létí ni?" Orrin béèrè.

Pásítọ̀ yíjú sí i. "Ta ló bi ọ́?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Dúró ná. Sọ ìtàn náà fún mi bí o ṣe gbọ́ ọ."

Orrin wo Mina, ó wo bàtà ara rẹ̀, ó nu imú. "Kò ju báyìí lọ, Pásítọ̀. Ọkùnrin kan wà, kò ní nǹkan kan láyé ju ọ̀dọ́ àgùntàn kan lọ. Inú ilé ló ń sùn. Nínú abọ́ ẹ̀ ló ti ń jẹun. Àwọn ọmọ ẹ̀ ti sọ ọ́ di àbúrò wọn. Ni olówó àdúgbò bá ní àlejò. Ẹran kún ọgbà tiẹ̀ fọ́fọ́ o, ó gbójú fò wọ́n, ó lọ mú ti tálákà, ó pa á. Ó tiẹ̀ se ọ̀dùnkún sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Ọ̀dùnkún ò sí níbẹ̀."

"Ẹ mú ọ̀dùnkún kúrò."

Kí pásítọ̀ tó pàṣẹ, Mina ti ń tẹ̀ ẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìtàn yẹn máa dùn ún dé ọkàn.

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Orrin á dé. Pásítọ̀ á ka èyí tó bá ti há a lọ́wọ́ nínú Bíbélì àtijọ́, á pa á dé, á ní, "Sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀." Orrin á sọ ọ́, Mina á tẹ̀ ẹ́, pásítọ̀ á gé e síhìn-ín sọ́hùn-ún, á sì fọwọ́ sí i. Bí wọ́n ṣe ṣe Jóòbù nìyẹn, bí wọ́n ṣe ṣe Rúùtù nìyẹn. Bí wọ́n bá ṣe tán, pásítọ̀ á lọ jẹun ní yàrá ìjẹun. Wọ́n á bu ọbẹ̀ ẹ̀wà fún Orrin ní ilé ìdáná.

Kò bínú. Ilé ìdáná ló ti ń rí Mina.

"Ìwọ kì í rẹ́rìn-ín ni?" ó bi í lọ́jọ́ kan. "Àbí ẹ̀ṣẹ̀ ni ní ṣọ́ọ̀ṣì yín?"

"Ní Sọ́ńdè nìkan."

"Ọjọ́bọ̀ lónìí."

Mina bá bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu, kí bàbá rẹ̀ má baà gbọ́.

"Má bò ó mọ́," Orrin ní. "Ìyẹn ni mo wá fún. Ṣé o rò pé torí Jóòbù ni mo ṣe ń wá?"

Ìfẹ́ ò kọ́kọ́ gba ọ̀nà ńlá. Orrin kọ́kọ́ máa ń tètè dé. Nígbà tó yá, ó ń pẹ́ kó tó lọ. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì rí i, wọ́n ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ Họ́láńdì, kí ló tún kù lára ẹ̀, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Mina náà bá wọn rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan, ìtìjú ara rẹ̀ sì mú un títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọmọ awakùsà. Atún-ẹ̀rọ-ṣe. Ṣọ́ọ̀ṣì àwọn onítẹ̀bọmi ló ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń pariwo. Kí ni òun máa sọ fún bàbá òun? Síbẹ̀, bí Ọjọ́bọ̀ bá ti kù sí ọ̀túnla, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ mọ́.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1966, wọ́n ti ń jọ rìn létí adágún ńlá ní ọ̀sán Sátidé, lórí òkè iyanrìn tí èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà. Ibẹ̀ ni Orrin ti ṣí ọkàn rẹ̀ payá. Kò kúnlẹ̀, kò mú òdòdó wá.

"Bí mo bá rí ẹ lójú fèrèsé," ó ní, "ẹsẹ̀ mi á gbàgbé ibi tó ń lọ. Ọrùn ẹ yìí, ọjọ́ tí mo bá fọwọ́ kàn án, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni ìka mi á máa rántí. Mi ò ní ilé, Mina. Mi ò ní orúkọ. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti lè gbọ́ èémí ẹ ni mo fẹ́ kí o máa sùn sí, títí a ó fi kú."

Mina ń wo omi, ojú rẹ̀ ń ṣomi. Ó ní, "Wá bá bàbá mi sọ̀rọ̀."

"Mà á wá. Bí ìwé ẹ̀ bá ti parí."

Ìwé náà ku orí mẹ́jọ péré kó parí: Orin Sólómọ́nì. Pásítọ̀ ti fò ó láti ọdún kìíní, nítorí ó ń tijú rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ka orí kan, ó pa Bíbélì dé, ó ní kí Orrin sọ ọ́.

Orrin mú fìlà rẹ̀ lórí tábìlì. "Pásítọ̀, ẹ má bínú. Èyí, mi ò lè bá yín sọ ọ́."

"Ṣé kò yé ọ ni?"

"Ó yé mi. Torí pé ó yé mi ni. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin pẹ̀lú obìnrin ẹ̀ ni. Ẹni tí mo ní í sọ ọ́ fún, òun ni mo ń sọ ọ́ fún."

Ojú Mina pọ́n bí ẹ̀yinná. Pásítọ̀ wo ọ̀kan, ó wo èkejì.

Pásítọ̀ gbìyànjú orin náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi ṣàánú Sólómọ́nì! "Ìwọ arẹwà, ìrísí ojú rẹ tẹ́ mi lọ́rùn gidigidi," ohun tí bàbá kọ nìyẹn, bí ẹni kọ̀wé sí ọ̀gá iléèwé. Ó ya á, ó tún un kọ, ó tún un ya. Àwọn tó máa tẹ ìwé náà ní Chicago kọ lẹ́tà pé bí òpin oṣù kẹsàn-án bá kọjá, àwọn ò ṣe mọ́. Ó di pé kì í jẹun. Ó ń jágbe mọ́ Mina lórí kọfí tó tutù.

Mina rò pé àkókò nìyẹn. "Bàbá mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ, nípa Orrin."

"Jẹ́ kí n parí orin yìí ná. Bí mo bá ti parí rẹ̀, ohunkóhun tó bá wà lọ́kàn rẹ, gbé e wá. N óò dá ọ lóhùn."

Gbólóhùn yẹn ló kó bá a. Mina wọ yàrá rẹ̀, ó jókòó, ó ro ó títí. Ṣé oore lòun fẹ́ ṣe Orrin ni, àbí òun fẹ́ dà á? Orrin ní òun ò fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ìwé ò bá parí, ìgbéyàwó ò sí. Bí bàbá bá sì gbọ́ bí ọkùnrin yìí ṣe mọ obìnrin í fẹ́, ṣé ọkàn rẹ̀ ò ní rọ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tó kù: inú Mina ń dùn pẹ̀lú. Wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún òun, Mina Hoekzema, tí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ti ń pè ní wúńdíá àgbà. Ó fẹ́ kí ẹnì kan mọ̀.

Ó mú pẹ́ńsù, ó kọ gbogbo rẹ̀ sójú ìwé mẹ́rin. Ti ojú fèrèsé, ti ọrùn, ti èémí. Kò fi ẹyọ kan pamọ́ fún ara rẹ̀.

Pásítọ̀ kà á lórí ìdúró. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi aṣọ nù ún, ó tún un kà. "Níbo ni o ti rí èyí?"

"Ẹ ṣáà lò ó, Bàbá mi."

Kò béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá mọ̀ kì í béèrè. Láàárín ọjọ́ mọ́kànlá, Orin Sólómọ́nì ti parí, ó sì dùn débi pé àwọn ará Chicago fi wáyà kí i.

Ní ilẹ̀ yẹn, àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì a máa lọ kí ilé kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, láti béèrè bí ìgbàgbọ́ ṣe ń lọ. Oṣù kẹwàá ló kan ilé Hoekzema. Mina ti bẹ Alàgbà Tunis Wabeke, àgbẹ̀ sẹ́lẹ́rì kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ láti kékeré, pé kó ṣe alárinà. Baba náà rọra gbà. Ó mú Orrin dání, pẹ̀lú táì tó yá lọ́wọ́ ẹlòmíì. Wọ́n jókòó ní pálọ̀, Orrin ò jókòó níbẹ̀ rí láti ọdún mẹ́ta.

"Gerrit," Alàgbà Wabeke bẹ̀rẹ̀, súìtì ṣì wà lẹ́ẹ̀kẹ́ rẹ̀, "ọmọkùnrin yìí ní òun rí òdòdó kan nínú ọgbà rẹ. Mo ti wádìí ẹ̀. Kì í mutí. Ó ń ṣiṣẹ́. Ó ti ṣetán láti bá wa jọ́sìn. Èmi ò rí àléébù kan lára ẹ̀ ju pé wọn ò bí i ní ibí lọ, ìyẹn kì í sì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀."

Pásítọ̀ dìde, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú ìwé mẹ́rin jáde. "Tunis, bá mi ka ibi tí mo fàlà sí."

Mina rí ìwé ara rẹ̀. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn, ó rò pé bàbá òun fẹ́ yìn ín ni.

Alàgbà gbé e súnmọ́ ojú. "'Ọrùn ẹ yìí, ọjọ́ tí mo bá fọwọ́ kàn án...'" Ó wúkọ́. Ó gbé súìtì mì. "Gerrit, kí leléyìí?"

"Ohun tí ọkùnrin yìí ń sọ fún ọmọ mi tí kò tíì délé ọkọ. Ọwọ́ ọmọ náà gan-an ló fi kọ ọ́, kì í ṣe pé wọ́n purọ́ mọ́ ọn. Ṣé ẹnu ọmọlúàbí nìyẹn?"

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí o fi ránṣẹ́ sí Chicago nìyí? Ìwọ fúnra ẹ lo kà á fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. O sunkún!"

"Nínú Bíbélì, Tunis, Sólómọ́nì ló ń sọ ọ́," pásítọ̀ dáhùn. "Nínú ilé mi, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ló ń sọ ọ́. Mi ò ní ọmọ tí mo fẹ́ fún un."

Orrin ò wo pásítọ̀ rárá. Mina ló ń wò.

"Gbogbo ẹ̀ lo kọ?"

"Orrin, mo rò pé bó bá gbọ́..."

"Ti èémí náà?"

Mina fẹ́ purọ́. Ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ ò jẹ́. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Orrin dìde, ó dé fìlà rẹ̀. "Pásítọ̀, ẹ bá mi pàrọ̀ asẹ́ ẹ̀rọ yín kí òtútù tó dé. Ó ti dí." Ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Mina sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, ọkọ̀ rẹ̀ ti lọ. Ó padà wọlé bí ẹni tí wọ́n gbá lójú. "Ẹ ṣèlérí fún mi!"

"Mo ní kí o gbé e wá, pé n óò dá ọ lóhùn," bàbá rẹ̀ wí. "O gbé e wá. Mo ti dáhùn. Má sunkún, Wilmina. O ti ran iṣẹ́ Ọlọ́run lọ́wọ́ ju bí o ṣe mọ̀ lọ."

Mina kọ lẹ́tà mẹ́ta sí Orrin, ìkankan ò ní èsì. Onílé Orrin ní ó ti kó jáde. Ìwé náà jáde ní ọdún 1967, orúkọ Gerrit Hoekzema nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì tà bí oúnjẹ gbígbóná. Wọ́n ń ka Orin Sólómọ́nì níbi ìgbéyàwó. Mina lọ síbi mélòó kan nínú wọn. Ó ń gbọ́ tí àwọn ọkọ ìyàwó tí kò mọ̀ rí ń ka ọrùn rẹ̀ sí etí ọlọ́mọge ẹlòmíì.

Ó fara dà á dé ọdún 1969. Nígbà yẹn ni Alàgbà Wabeke, tí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ náà ń dà á láàmú, wá sọ fún un pé Orrin wà ní Muskegon. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mina wọ bọ́ọ̀sì ní àárọ̀ Sátidé. Gbogbo ọ̀nà ló ń to ohun tó máa sọ: òun á bẹ̀ ẹ́, òun á ní kí wọ́n jọ sá lọ, bàbá òun ì báà kú.

Ilé onípákó kékeré kan ni. Orrin ń ti abẹ́ rẹ̀ bọ̀, sípánà lọ́wọ́, bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé gẹ́lẹ́, àfi pé ó ti rù.

"Mina," ó ní. Kò bínú. Ìyẹn dẹ́rù bà á ju ìbínú lọ.

"Orrin, mo wá bẹ̀ ẹ́. Mo ṣe ohun tí..."

"Ó ti tán. Mo ti gbéyàwó."

Ilẹ̀kùn ṣí kí Mina tó mí. Obìnrin kan yọ, oyún ti yọ sára rẹ̀, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Verna lorúkọ rẹ̀, ọmọ Kẹntọ́kì lòun náà, kì í sì í jẹ́ kí àlejò dúró níta.

"Ta nìyí, Orrin? Ẹ wọlé, ẹ wọlé!" Mina dárúkọ ara rẹ̀, Verna sì pariwo: "Ẹ ní Hoekzema? Hoekzema tó kọ Bíbélì yẹn? Bàbá yín ni? Ọlọ́run mi o!" Ó sáré wọlé, ó gbé ìwé náà jáde, ó ti gbó létí létí. "Mo ní í sọ fún yín. Ọkọ mi yìí, ọjọ́ tó fẹ́ ní kí n fẹ́ òun, ọkùnrin tó ń làágùn yọ̀bọ̀! Ló bá ní, 'Ibi tí mo ti lè gbọ́ èémí ẹ ni mo fẹ́ kí o máa sùn sí.' Mo ní, Orrin Stamper, olè! Orin Sólómọ́nì, orí kẹjọ! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Látọjọ́ náà, bó bá ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ dídùn kan, mo ti ń dárúkọ orí tó wà. Ó ti wá pa ẹnu mọ́ pátápátá."

Orrin ń wo ilẹ̀.

Mina la ẹnu. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó lè dá padà fún ọkùnrin yìí. "Verna, bàbá mi kọ́ ló..."

"Mina," Orrin ní, jẹ́jẹ́. "Má ṣe é."

Ó sì yé e. Bó bá sọ òótọ́, Verna á mọ̀ pé obìnrin mìíràn ni ọkọ òun kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, àti pé obìnrin náà ló dúró síwájú òun yìí. Bí kò bá sọ ọ́, olè ni Orrin á máa jẹ́ nínú ilé ara rẹ̀ títí.

"Bàbá yín kọ́ ló ṣe kí ni?" Verna béèrè.

"Bàbá mi kọ́ ló tẹ̀ ẹ́," Mina dáhùn. "Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ wá fọwọ́ yín kọ orúkọ sí i fún mi nígbà náà." Ó ti na bírò sí i. Mina kọ orúkọ rẹ̀. "Ẹ dákun, ta ni bàbá yín ń rò nígbà tó ń kọ ọ́? Ìyá yín ni, àbí?"

"Ìyá mi ni."

"O rí i?" Verna yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "Ọkùnrin tó mọ ìyàwó í fẹ́ nìyẹn. Lọ kọ́ lára rẹ̀."

"Mo gbọ́," Orrin ní. Ó mú sípánà rẹ̀, ó padà sábẹ́ ilé.

Verna fa Mina lọ́wọ́ wọlé. "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín pé kò kí yín dáadáa," ó ní. "Èèyàn dáadáa ni. Kò kàn mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ ni, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn."